Bíréèkì Tó Ń Ké, Fọ́ọ̀kì Tó Ń Gbọ̀n

Kẹ̀kẹ́ ológeere tí bíréèkì rẹ̀ ń ké kò ṣe é fi pamọ́. Bí ẹni tó gùn ún bá ń ti Òkè Màpó ní Ìbàdàn bọ̀ nísàlẹ̀, tó wá fún bíréèkì iwájú, àwọn tó wà lápá Ọjà'ba á ti gbọ́ ìró rẹ̀ kí wọ́n tó fojú rí i. Bó bá mọ sí ariwo, à bá ní ká fara dà á. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ariwo náà kì í dá rìn. Háńdù á máa gbọ̀n lọ́wọ́ ẹni, fọ́ọ̀kì á máa lọ síwájú sẹ́yìn, gbogbo kẹ̀kẹ́ á sì máa jì bí ẹni pé ó fẹ́ tú ká. Ẹni tó bá gbé irú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ atúnkẹ̀kẹ́ṣe, rọ́bà bíréèkì tuntun ni wọ́n sábà máa ń fi sí i. Ara á tù ú fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìyà àná á tún padà dé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi mú lọ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ariwo lọ́tọ̀, gbígbọ̀n lọ́tọ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ń jọ rìn. Ibi tí rọ́bà ti ń kan ríìmù ni ariwo ti ń jáde. Gbígbọ̀n fọ́ọ̀kì iwájú ní tirẹ̀, ọ̀nà tí wáyà gbà dé ìdí bíréèkì ló sábà ń fà á. Ẹni tó bá ń fi oògùn èkínní wo èkejì, owó ló ń ná dànù.

Irú bíréèkì tí mò ń sọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní kantilífà. Ó yàtọ̀ sí ti kẹ̀kẹ́ Raleigh tí àwọn bàbá wa gùn, èyí tí ọ̀pá irin máa ń fa rọ́bà sókè kó lè kan abẹ́ ríìmù. Nínú kantilífà, èèkàn irin kékeré méjì ni wọ́n jó mọ́ fọ́ọ̀kì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Apá bíréèkì kọ̀ọ̀kan máa ń yí lórí èèkàn tirẹ̀, sípíríǹgì sì máa ń ti í padà. Wáyà kúkúrú kan so orí apá méjèèjì pọ̀, ó sì rí bí òrùlé ilé lókè táyà. Wáyà gbọọrọ tó ti ọwọ́ bíréèkì wá ló ń fa àárín wáyà kúkúrú náà sókè. Bó bá ti fà á, apá méjèèjì á pa dé, rọ́bà á sì fún ríìmù mọ́ àárín. Ẹ̀yìn náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo kẹ̀kẹ́ yín dáadáa: bí ẹ bá rí òrùlé wáyà yẹn lókè táyà, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Àǹfààní rẹ̀ pọ̀, ìdí sì nìyẹn tó fi gbilẹ̀. Kò fún táyà mọ́ra, nítorí náà ẹrẹ̀ ráyè kọjá, táyà fífẹ̀ sì gba ibẹ̀. Ilé iṣẹ́ Mafac ní ìlú Clermont-Ferrand, ní ilẹ̀ Faransé, ṣe irú rẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ arìnrìn-àjò àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ni méjì. Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ díje nínú ẹrẹ̀ ní Yúróòpù, ìdíje tí wọ́n ń pè ní cyclocross, kò ní ohun mìíràn tó dára jù ú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2010 ni àjọ UCI tó ń ṣàkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa lo bíréèkì alábọ́ (disc brake) nínú ìdíje náà.

Ṣùgbọ́n ibi tó ti di ti gbogbo ayé ni Amẹ́ríkà. Ní 1976, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Marin County, ní ìpínlẹ̀ California, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ díje sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kan lẹ́bàá ìlú Fairfax. Inú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn ni bíréèkì àwọn kẹ̀kẹ́ yẹn wà. Bí wọ́n bá fẹ́ dúró, wọ́n á tẹ pẹ́dàlì sẹ́yìn. Kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀, họ́ọ̀bù á ti gbóná débi pé gíríìsì inú rẹ̀ á ti di èéfín, wọ́n á sì ní láti tú u, kí wọ́n kó gíríìsì mìíràn sí i. Látinú iṣẹ́ yẹn ni òkè náà ti gba orúkọ rẹ̀, Repack. Nígbà tí wọ́n wá ń ṣe kẹ̀kẹ́ òkè láti ìbẹ̀rẹ̀, bíréèkì kantilífà ni wọ́n gbé lé e, ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ òkè tí wọ́n sì ṣe jáde láàárín 1980 sí 1996 ló ní in. Ní nǹkan bí 1996 ni Shimano ti ilẹ̀ Japan gbé irú bíréèkì mìíràn tí wọ́n ń pè ní V-brake jáde, tí ọjà kantilífà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Kẹ̀kẹ́ ayé ìgbà náà kò tíì kú ní tirẹ̀. Férémù wọn le, wọ́n ṣe wọ́n dáadáa, wọ́n sì ṣì wà lára àwọn tòkunbọ̀ tí ènìyàn lè fi owó díẹ̀ rà. Ìdí nìyí tó fi dùn mí láti rí i tí ẹnìkan pa irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ tì sẹ́yìn ilé nítorí bíréèkì tó ń ké.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ariwo. Ẹni tó bá gbọ́ sákárà Yusuf Olatunji rí ti gbọ́ ohun tí gòjé ń ṣe. Irun tó wà lára ọrun gòjé máa ń di okùn mú, á fà á, okùn á já gbà padà, irun á tún dì í mú, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ló ń di ohùn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni rọ́bà bíréèkì ṣe ń di ríìmù mú tó sì ń fi í sílẹ̀. Ríìmù náà yí kárí, ó fẹ̀, ó sì fúyẹ́, ó ń gbé ìró jáde dáadáa. Nítorí náà, iṣẹ́ wa ni láti jẹ́ kí rọ́bà máa yọ̀ lórí ríìmù láìdádúró, kó má máa dì í mú, kó tún fi sílẹ̀.

Ìdọ̀tí ni ẹ ó kọ́kọ́ bá jà. Ẹ fi ọwọ́ tẹ apá bíréèkì méjèèjì mọ́ ríìmù, wáyà kúkúrú á dẹ̀, ẹ ó sì lè yọ orí rẹ̀ kan kúrò nínú apá láìlo sípánà rárá. Ẹ yọ táyà. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ẹ rẹ sínú sípírítì nu ẹ̀gbẹ́ ríìmù méjèèjì títí aṣọ kò fi ní dúdú mọ́. Sípírítì tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn ló dára, nítorí pé ó ń gbẹ láìfi nǹkan kan sílẹ̀. Kẹrosíìnì àti díísù máa ń fi ọ̀rá sílẹ̀, ẹ má lò wọ́n níbẹ̀. Ẹ wá wo ojú rọ́bà. Bó bá ń dán bíi gíláàsì, ẹ fi sánpépà ha á títí ojú tuntun á fi yọ. Bí ẹ bá rí ohun tó ń tàn wínníwínní nínú rẹ̀, irin ríìmù fúnra rẹ̀ ni, tó já wọnú rọ́bà pẹ̀lú iyanrìn. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tàbí ṣóńṣó ọ̀bẹ yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lójú pópó wa tó kún fún yanrìn, pàápàá lẹ́yìn òjò, iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Bí rọ́bà bá ti gbó tó le bí igi, kò sí sánpépà tó lè gbà á là, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ẹ ta epo díẹ̀ sí ojú ríìmù kí ariwo lè dákẹ́. Òtítọ́ ni, yóò dákẹ́. Bíréèkì náà kò sì ní dá kẹ̀kẹ́ dúró mọ́. Ẹ má dán an wò.

Lẹ́yìn ìmọ́tótó ni ọ̀rọ̀ ìdúró rọ́bà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ atúnkẹ̀kẹ́ṣe sì ti ń kánjú. Wọ́n á mú kí rọ́bà dúró gbọọrọ sí ríìmù, iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ á jọ kan ríìmù lẹ́ẹ̀kan náà. Ó jọ ohun tó tọ́ lójú. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: nígbà tí rọ́bà bá kan ríìmù, ríìmù tó ń yí síwájú máa ń fẹ́ gbé rọ́bà lọ. Orí èèkàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni apá bíréèkì sì so mọ́, kò lè tẹ̀ lé e, nítorí náà ńṣe ló ń lọ́. Bó bá ti lọ́, orí iwájú rọ́bà á ṣí kúrò lára ríìmù, ìdí rẹ̀ nìkan ni yóò kù tí yóò máa họ ríìmù. Ìdí tó ń họ yẹn ló ń ké.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí ẹ fi rọ́bà sí ipò kí orí iwájú rẹ̀ kọ́kọ́ kan ríìmù, kí àlàfo bíi mìlímítà 1 sì wà ní ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá ti fún bíréèkì gan-an, apá á lọ́ díẹ̀, gbogbo rọ́bà á wá jókòó pẹrẹsẹ. Káàdì ATM tó ti kú wúlò níbí, nítorí kò nípọn tó mìlímítà 1, ó sì tó. Ẹ ki etí rẹ̀ sáàárín ìdí rọ́bà àti ríìmù, ẹ tẹ apá mọ́ ríìmù, kí ẹ wá dè é. Fún bíréèkì iwájú àti ti ẹ̀yìn, orí tó kọjú sí ibi tí kẹ̀kẹ́ ń lọ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kan.

Mo mọ̀ pé dídè yìí ló ń dá ènìyàn lágara. Lórí ọ̀pọ̀ kantilífà àtijọ́, bóòtù kan ṣoṣo ló di ọ̀pá rọ́bà mú, bóòtù kan yẹn ló sì ń pinnu bí rọ́bà ṣe ga tó, bó ṣe jìn sí ríìmù tó, bó ṣe yí, àti bó ṣe kọjú. Ẹ fi Allen key nọ́ńbà 5 di orí bóòtù mú níwájú, ẹ fi sípánà nọ́ńbà 10 de nọ́ọ̀tì lẹ́yìn, ẹ sì ní kí ẹlòmíràn bá yín di rọ́bà mú ṣinṣin, nítorí pé nọ́ọ̀tì máa ń fẹ́ yí i lọ bó ti ń le. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa dè é. Ẹ rí i pé rọ́bà kò gun orí táyà, torí yóò la táyà. Kó má sì lọ sísàlẹ̀ jù, kó má baà já wọ abẹ́ ríìmù. Rọ́bà tí ọ̀pá rẹ̀ ní ojú bóòtù àti wọ́ṣà oníkòtò rọrùn láti tò ju ti àtijọ́ lọ. Bí apá bíréèkì yín bá gbà á, ẹ rà á.

Kí ẹ tó kúrò ní ìdí apá, ẹ di apá kọ̀ọ̀kan mú, kí ẹ mì ín síwájú sẹ́yìn. Bó bá ń mì wọ́jọwọ́jọ lórí èèkàn, ẹ tú bóòtù rẹ̀, ẹ nu èèkàn, ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa á, kí ẹ dà á padà. Sípíríǹgì ní ṣóńṣó kan tó máa ń wọ ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèkàn. Ihò mẹ́ta ló sábà máa ń wà níbẹ̀, ti àárín ni kí ẹ lò ní méjèèjì. Bí apá bá ṣì ń mì lẹ́yìn gíríìsì, ihò inú rẹ̀ ti jẹ, apá mìíràn ló kù. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ to rọ́bà tó ní apá tó ń mì kó má ké.

Ariwo ti parí nìyẹn. Gbígbọ̀n ló kù, òun gan-an ló sì ń dẹ́rù bani.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú gbígbọ̀n tó jẹ́. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń fà tó ń tú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú yíyí táyà kọ̀ọ̀kan, ríìmù ló ní ẹ̀bi: ó ti wọ́, tàbí ojú ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀ ga díẹ̀, tàbí nǹkan kan ti lù ú wọnú. Ẹ fi ọwọ́ yí táyà, kí ẹ wo àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti rọ́bà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ńṣe ló ń gbọ̀n kíákíá, tí fọ́ọ̀kì ń lọ tó ń bọ̀ lójú yín, ríìmù kọ́. Ẹ wá fún bíréèkì iwájú, kí ẹ fi ọwọ́ kejì di ọrùn kẹ̀kẹ́ mú, kí ẹ ti kẹ̀kẹ́ síwájú kí ẹ fà á sẹ́yìn. Bí ẹ bá gbọ́ kò-kò-kò lábẹ́ ọwọ́ yín, ọrùn ti tú, ẹ dè é. Ẹ mi táyà lọ́tùn-ún lósì pẹ̀lú. Bó bá ń mì, bíárìn họ́ọ̀bù ló dẹ̀.

Bí gbogbo ìyẹn bá dára, tó ṣì ń gbọ̀n, ẹ wò ó níbi tí wáyà ti wá. Lórí ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ oníkantilífà, awọ tí wáyà ń gba inú rẹ̀ kọjá máa ń dúró lórí ìkọ́ kan lókè ọrùn kẹ̀kẹ́, lábẹ́ háńdù. Láti ibẹ̀, wáyà náà á wá lọ ní ìhòòhò, níwájú ọrùn kẹ̀kẹ́, títí dé ìdí bíréèkì. Ìkọ́ wà lókè, bíréèkì wà nísàlẹ̀ lára fọ́ọ̀kì. Nígbà tí ẹ bá fún bíréèkì, ilẹ̀ á ti táyà sẹ́yìn, fọ́ọ̀kì á sì tẹ̀ sẹ́yìn. Bí fọ́ọ̀kì bá ti tẹ̀ sẹ́yìn, iwájú rẹ̀ á gùn díẹ̀, àlàfo tó wà láàárín ìkọ́ àti bíréèkì á gùn pẹ̀lú rẹ̀. Wáyà kò ní gùn. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Fọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ ti fa wáyà, ó ti fún bíréèkì ju bí ọwọ́ yín ti fún un lọ. Bíréèkì tó le sí i á mú kí fọ́ọ̀kì tún tẹ̀ sí i. Nígbà tó bá yá, rọ́bà á já gbà, fọ́ọ̀kì á ta padà síwájú, wáyà á dẹ̀, bíréèkì á dẹ̀. Ọwọ́ yín ṣì wà níbẹ̀, nítorí náà yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni gbígbọ̀n tí ẹ ń rí, ó sì ń ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹ wá rí i pé rọ́bà tuntun kò lè wo èyí sàn. Rọ́bà tó dára gan-an tilẹ̀ lè mú un burú sí i, torí pé yóò di ríìmù mú dáadáa ju ti àtijọ́ lọ, fọ́ọ̀kì yóò sì tẹ̀ jù. Títo rọ́bà kí orí rẹ̀ kọ́kọ́ kan ríìmù máa ń dín in kù díẹ̀, kì í sì í pa á run bó bá ti jẹ́ pé fọ́ọ̀kì náà rọ̀. Férémù gíga ló ń jìyà rẹ̀ jù, torí pé ọrùn kẹ̀kẹ́ gùn, wáyà oníhòòhò sì gùn pẹ̀lú rẹ̀.

Oògùn rẹ̀ kò wọ́n: ẹ gbé ìkọ́ wáyà kúrò lókè ọrùn, kí ẹ gbé e wá sí èjìká fọ́ọ̀kì. Lórí ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀kì, ihò kan wà ní èjìká, lókè táyà gan-an, níbi tí wọ́n ń de ìbòrí ẹrẹ̀ mọ́. Ìkọ́ irin kékeré wà lọ́jà tí wọ́n ṣe fún ihò yẹn. Ilé iṣẹ́ Tektro wà lára àwọn tó ń ṣe é. Bí ẹ kò bá rí i rà, alurinmọ́rin tó mọṣẹ́ lè fi irin tó nípọn ṣe é, kó kàn rí i pé kò ní tẹ̀. Awọ wáyà yóò wá gùn láti ọwọ́ bíréèkì dé orí ìkọ́ náà láìdáwọ́ dúró, yóò sì tẹ̀ díẹ̀ kí háńdù lè ráyè yí. Nísinsìnyí, ìkọ́ àti bíréèkì jọ wà lára fọ́ọ̀kì, wọ́n sún mọ́ ara wọn. Fọ́ọ̀kì lè tẹ̀ bó ṣe fẹ́, kò sí wáyà tó lè fà mọ́. Lójú tèmi, kò sí owó tí ènìyàn ná sórí kantilífà iwájú tó lérè tó owó ìkọ́ yìí.

Bí fọ́ọ̀kì kò bá ní ihò, V-brake ni ọ̀nà kejì. Orí èèkàn kan náà ló ń jókòó, awọ wáyà rẹ̀ sì ń parí sí ara apá bíréèkì, nítorí náà kò mọ̀ bóyá fọ́ọ̀kì tẹ̀. Àmọ́ wáyà tí V-brake ń fẹ́ kí ọwọ́ fà tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti kantilífà. Ẹ pààrọ̀ ọwọ́ bíréèkì pọ̀ mọ́ ọn. Fún háńdù tó tẹ̀ kọdọrọ bíi ti eré ìje, ẹ wá V-brake alápá kúkúrú tí wọ́n ṣe fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ gbé ìkọ́ sí èjìká fọ́ọ̀kì, ẹ ó tún wáyà kúkúrú tò. Bí òrùlé rẹ̀ bá rẹlẹ̀, agbára bíréèkì máa ń pọ̀, ṣùgbọ́n rọ́bà gbọ́dọ̀ sún mọ́ ríìmù gan-an, ríìmù sì gbọ́dọ̀ tọ́. Bó bá ga jù, ọwọ́ á le, kẹ̀kẹ́ kò sì ní dúró dáadáa. Ẹ rí i pé ó ga tó kí táyà má baà kan án.

Ohun kan ló kù, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni má gbàgbé. Bí wáyà gbọọrọ bíréèkì iwájú bá já lójijì, wáyà kúkúrú yóò já bọ́ sórí táyà. Bí táyà náà bá ní eyín, yóò gbé wáyà náà, yóò fà á wọ abẹ́ apá bíréèkì, táyà iwájú á sì dúró gbọn-in lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó gùn ún yóò ré kọjá lórí háńdù. Ìdí nìyí tí àwọn tó ṣe kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí fi sábà máa ń fi irin ìdìmú iná tàbí ìbòrí ẹrẹ̀ sí èjìká fọ́ọ̀kì, kó lè gbé wáyà náà dúró bó bá já. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti tú irin yẹn dànù nítorí a rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá a padà. Ẹ wo orí wáyà gbọọrọ náà pẹ̀lú: bí okùn irin kan ṣoṣo bá ti já nínú rẹ̀, ẹ pààrọ̀ gbogbo wáyà náà kí ẹ tó tún gun kẹ̀kẹ́ yẹn jáde.